Bí A Ṣe Ń So Mọ́nítọ̀ Kejì Mọ́ Kọ̀ǹpútà Orí Tábìlì: Ẹ̀yìn Àpótí Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ìbéèrè kan kì í tán lọ́wọ́ àwọn tó ń kàn sí mi: "Mo ti ra mọ́nítọ̀ kejì, mo ti ki okùn bọ̀ ọ́, iná rẹ̀ sì tàn, ṣùgbọ́n 'No Signal' ló ń kọ sójú. Ṣé èyí tó ti bàjẹ́ ni wọ́n tà fún mi ni?" Lọ́pọ̀ ìgbà, mọ́nítọ̀ náà ò lẹ́bi kankan. Ihò tí wọ́n ki okùn bọ̀ ni, tàbí okùn fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, kì í ṣe láti ọjà. Bí ẹ bá ti mọ ohun tó wà lẹ́yìn àpótí yín, ìyókù iṣẹ́ náà kì í gbà ju ìdajì wákàtí lọ.

Windows 10 àti Windows 11 ni mo fi ṣàpẹẹrẹ. Ẹni tó ń lo Ubuntu yóò rí tirẹ̀ nísàlẹ̀.

## Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀

Àpótí tí mò ń wí ni èyí tí púpọ̀ nínú wa ń pè ní CPU. Ẹ yí i padà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ wo irú ihò tó wà níbẹ̀ àti iye rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ náà bákan náà. Ẹ fi fóònù ya àwòrán méjèèjì, kí ẹ lè fi han ẹni tí ẹ fẹ́ ra okùn lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ihò tí ẹ ó bá pàdé nìyí:

- VGA: àwọ̀ búlúù ló sábà máa ń ní. Ihò wẹ́wẹ́ 15 ló wà nínú rẹ̀ ní ìlà mẹ́ta, súkúrù sì wà lápá ọ̀tún àti òsì. Àwòrán nìkan ló ń gbé, kì í gbé ohùn.
- DVI: ó fẹ̀ ju VGA lọ, ó sábà máa ń funfun, òun náà ní súkúrù.
- HDMI: irú èyí tó wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Igun méjèèjì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló tẹ̀ wọnú.
- DisplayPort: ó jọ HDMI gan-an, àmọ́ igun rẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n gé. Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì mú fún HDMI.
- USB-C: ihò kékeré tí orí rẹ̀ rí roboto lápá méjèèjì. Kì í ṣe gbogbo USB-C ló ń gbé àwòrán. Ẹ wò ó bóyá àmì DP tàbí àmì mànàmáná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí àmì kankan, ẹ yẹ ìwé kọ̀ǹpútà náà wò kí ẹ tó gbára lé e.

Bí kọ̀ǹpútà yín bá jẹ́ tòkunbọ̀ tó ti ilé iṣẹ́ òkè òkun wá, irú èyí tó kún Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ fara balẹ̀ ka èyí dáadáa. Dell OptiPlex 7010 ti ọdún 2012 àti HP EliteDesk 800 G1, VGA kan àti DisplayPort méjì ló máa ń wà lẹ́yìn wọn. Kò sí HDMI níbẹ̀. Ẹni tó bá ti lọ ra okùn HDMI lásán ti ná owó dànù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àpótí rẹ̀ lè gbé mọ́nítọ̀ méjì láìra ohunkóhun kún un ju okùn tó bá a mu lọ.

### Ihò òkè tàbí ihò ìsàlẹ̀?

Àṣìṣe tí mo bá pàdé jù lọ nìyí, nítorí náà mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ níbí.

Nínú àpótí ńlá tó dúró gbọnrangandan, ihò àwòrán lè wà níbi méjì. Àwọn kan wà lókè, wọ́n tò sí tòsí ihò USB, ti íntánẹ́ẹ̀tì àti ti ohùn. Ara pátákó kọ̀ǹpútà gan-an nìwọ̀nyẹn. Àwọn mìíràn lè wà nísàlẹ̀, tí wọ́n dá dúró lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ara graphics card, ìyẹn káàdì tó ń ṣe iṣẹ́ àwòrán, ni àwọn yẹn. Bí graphics card bá wà nínú kọ̀ǹpútà yín, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ so mọ́nítọ̀ méjèèjì mọ́. Bí graphics card bá ti wà, àwọn ihò òkè máa ń sùn lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹni tó bá ki okùn bọ ibẹ̀ á kàn máa wo ojú dúdú. Bí graphics card náà bá tuntun, ẹ wò ó bóyá ọ̀rá tàbí ìdérí ṣì wà lẹ́nu àwọn ihò rẹ̀, kí ẹ yọ ọ́.

Bí kò bá sí graphics card, àwọn ihò òkè ló máa ṣiṣẹ́, bí processor yín (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) bá ní agbára àwòrán tirẹ̀. Processor Intel tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí F, bíi i5-10400F tàbí i5-12400F, kò ní in. Ryzen 5 5600, processor ti AMD, kò ní in, ṣùgbọ́n 5600G ní in.

## Okùn wo ni kí ẹ rà?

Èyí tó dára jù ni kí orí méjèèjì jẹ́ irú kan náà: DisplayPort sí DisplayPort, HDMI sí HDMI. Bí wọn ò bá bára mu, ẹ wo inú àwọn wọ̀nyí.

DisplayPort lára kọ̀ǹpútà, HDMI lára mọ́nítọ̀. Okùn kan wà tó ní DisplayPort lórí kan, HDMI lórí kejì. Ó dáa, kò sì wọ́n. Àmọ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń rìn. Láti DisplayPort ni àwòrán ti ń jáde lọ sí HDMI, kì í padà sẹ́yìn.

HDMI lára kọ̀ǹpútà, DisplayPort lára mọ́nítọ̀. Okùn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí á wọlé ní orí méjèèjì, kò sì ní ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń tà á lè má mọ̀. Converter, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń yí àmì àwòrán irú kan padà sí òmíràn, èyí tó ní okùn USB tí ó fi ń gba iná, ni kí ẹ béèrè.

HDMI tàbí DisplayPort lára kọ̀ǹpútà, VGA lára mọ́nítọ̀. Converter kékeré ló máa ṣe é. Bí àwòrán bá ń ṣẹ́jú, tí ẹ sì rí ihò USB kékeré lára converter náà, ẹ fún un níná láti ibẹ̀.

VGA lára kọ̀ǹpútà, HDMI lára mọ́nítọ̀. Converter tó ń gba iná ni èyí náà nílò, lẹ́tà inú rẹ̀ kì í sì mọ́ kedere tó. Bí ihò mìíràn bá wà lẹ́yìn àpótí yín, òun ni kí ẹ lò.

DVI àti HDMI. Adapter lásán ti tó. Ẹ má retí ohùn níbẹ̀.

Okùn mítà 2 tó fún tábìlì. Bí mọ́nítọ̀ yín bá jẹ́ 1920 x 1080, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi okùn olówó ńlá lọ̀ yín. Tí ó bá jẹ́ 4K (3840 x 2160) nìkan ni irú HDMI ń ṣe pàtàkì: HDMI 1.4 kì í kọjá 30 Hz (ìgbà 30 tí àwòrán ń yí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) lórí 4K, mouse á sì máa wọ́ lójú yín. HDMI 2.0 tàbí DisplayPort 1.2 ló ń fúnni ní 60 Hz.

### Splitter kọ́ lẹ ń wá

Ìyá kan ládùúgbò wa ń bá àwọn onílé ìtajà ṣe ìṣirò owó. Ó fẹ́ kí Excel wà lójú kan, kí àwọn rìsíìtì tí ó ń kà wà lójú kejì. Wọ́n ta HDMI splitter fún un pé òun ni yóò bá a pín in sí méjì. Nígbà tí ó délé, Excel kan náà ló wà lójú méjèèjì. Ó dùn mí, torí owó tó fi rà á tó okùn tó nílò gan-an, ihò DisplayPort kan sì ṣófo lẹ́yìn àpótí rẹ̀ látọjọ́ yìí.

Splitter dà bí ọ̀pá omi kan tí a fi ẹ̀rọ méjì sí lẹ́nu: omi inú táńkì kan náà ni ẹ ó bá níbi méjèèjì. Ó wúlò nínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí gbọ̀ngàn, níbi tí gbogbo èèyàn ti gbọ́dọ̀ rí nǹkan kan náà. Ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ọ̀tọ̀ lójú kọ̀ọ̀kan nílò ihò ọ̀tọ̀ fún mọ́nítọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Bí ihò yín bá jẹ́ ẹyọ kan lóòótọ́, ọ̀nà méjì wà:

1. Ẹ ra graphics card kékeré. Bí àpótí yín bá tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé low profile lẹ fẹ́. Èyí tó gùn kò ní wọlé.
2. Ẹ ra adapter USB sí HDMI, kí ẹ sì fi í sí ihò USB 3.0. Ẹ gbọ́dọ̀ fi driver rẹ̀ (ètò tó ń jẹ́ kí Windows mọ̀ ọ́n lò) sórí kọ̀ǹpútà, DisplayLink ni èyí tó wọ́pọ̀. Ó tó fún Word, Excel àti ìwé kíkà, ṣùgbọ́n kò dáa fún géèmù.

## Bí mọ́nítọ̀ tí ẹ fẹ́ rà bá jẹ́ tòkunbọ̀

Wọ́n máa ń tan án fún ìṣẹ́jú kan, kí àmì ilé iṣẹ́ hàn, wọ́n á ní ó ti tán. Kò tíì tán. Ẹ ṣe gbogbo èyí kí ẹ tó sanwó:

- Ẹ jẹ́ kí ó tàn fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí ó gbóná.
- Ẹ ṣí ojú ìwé funfun, kí ẹ wá ilà, àmì kéékèèké tó dúdú, àti ibi tó ti pọ́n bí ìyeyè.
- Ẹ ṣí àwòrán dúdú, kí ẹ wo ìmọ́lẹ̀ tó ń jò létí.
- Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀, pàápàá èyí tó ń yan Input.
- Ẹ rọra mi okùn níbi tó ti wọ ihò. Àwòrán ò gbọdọ̀ já.
- Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. "100-240V" lẹ fẹ́ rí. Bí ó bá ń lo adapter iná tó dá dúró, ẹ gbà á pẹ̀lú rẹ̀, kí volt tó wà lára adapter bá ti ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ mu.

Kò pọn dandan kí mọ́nítọ̀ méjèèjì jẹ́ ọgbọọgba.

## Ìgbésẹ̀ sísopọ̀

1. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ pa sọ́kẹ́ẹ̀tì. A lè so HDMI àti DisplayPort nígbà tí kọ̀ǹpútà wà lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, tí a sì ń yí sí jẹnẹrétọ̀, mi ò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀.
2. Ẹ gbé mọ́nítọ̀ síbi tó máa wà, kí ẹ rí i pé okùn dé ẹ̀yìn àpótí láìfà.
3. Ẹ ki okùn bọ ihò. Bí kò bá wọlé wẹ́rẹ́, ẹ má fi agbára tì í. Ẹ yí orí rẹ̀ padà. Ti VGA ní abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ tó ń tètè wọ́. Ìka ọwọ́ ti tó fún súkúrù rẹ̀. DisplayPort máa ń ró "kà" tó bá ti jókòó dáadáa.
4. Ẹ so okùn iná. Mọ́nítọ̀ LED ínṣì 22 sí 24 kì í sábà jẹ ju wáàtì 20 sí 30 lọ, nítorí náà ẹ lè fi í sórí UPS kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà bí àyè bá wà. Ẹ má fi printer lésà síbẹ̀.
5. Ẹ tan mọ́nítọ̀ méjèèjì, lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà.
6. Ẹ yan Input. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Input tàbí Source lára mọ́nítọ̀ tuntun, kí ẹ yan ihò tí ẹ lò gan-an. Bí okùn bá wà nínú DisplayPort tí mọ́nítọ̀ ń wá HDMI, "No Signal" ni yóò máa kọ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ìkìlọ̀: DisplayPort púpọ̀ ní ìkọ́ kékeré tó fi ń di ara rẹ̀ mú. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ tẹ bọ́tìnnì orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ tó fà á. Mo ti rí ihò tó tú kúrò lára pátákó nítorí ẹni tó fi ipá fa okùn yìí.

## Títò ó nínú Windows

1. Ẹ di bọ́tìnnì Windows mú, kí ẹ tẹ P. Ohun mẹ́rin ló máa jáde: "PC screen only" ń lo mọ́nítọ̀ àkọ́kọ́ nìkan, "Duplicate" ń fi ohun kan náà hàn lójú méjèèjì, "Extend" ń sọ méjèèjì di tábìlì ńlá kan, "Second screen only" ń pa ti àkọ́kọ́. Extend ni ẹ fẹ́.
2. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún mouse tẹ ojú tó ṣófo, kí ẹ yan "Display settings". Ẹ tẹ "Identify" kí nọ́ńbà 1 àti 2 hàn lójú mọ́nítọ̀ kọ̀ọ̀kan.
3. Ẹ fa àpótí 1 àti 2 inú àwòrán náà kí wọ́n tò bí mọ́nítọ̀ yín ṣe tò lórí tábìlì. Bí ti kejì bá wà lọ́wọ́ òsì yín tí Windows fi í sí ọ̀tún, mouse á máa gbá ògiri níbi tó yẹ kó kọjá. Ẹ jẹ́ kí orí àpótí méjèèjì bára dọ́gba, kí ẹ tẹ "Apply".
4. Ẹ tẹ nọ́ńbà èyí tí ẹ ń kọjú sí jù, kí ẹ sì fi àmì sí "Make this my main display".
5. Fún ìkọ̀ọ̀kan, ẹ lọ sí "Display resolution", kí ẹ mú èyí tí wọ́n kọ "Recommended" sí. Bí lẹ́tà bá kéré jù, "Scale" ni kí ẹ gbé sókè, ẹ má rẹ Display resolution sílẹ̀.
6. Nínú "Advanced display", ẹ wo refresh rate (iye Hz náà). 60 Hz ló tó fún iṣẹ́.

Bí ojú bá ṣú lẹ́yìn tí ẹ yí nǹkan padà, ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15, Windows á dá a padà sí bó ṣe wà.

Bọ́tìnnì kan tí ẹ ó fẹ́ràn: ẹ di Windows àti Shift mú, kí ẹ tẹ ọfà òsì tàbí ọ̀tún. Ohun tí ẹ ń ṣe á fò sí mọ́nítọ̀ kejì.

Lórí Ubuntu: Settings, lẹ́yìn náà Displays. Ẹ yan "Join Displays", ẹ tò wọ́n, kí ẹ tẹ "Apply".

Ní ti ìjókòó, kí mọ́nítọ̀ méjèèjì jìnnà tó gígùn apá kan, kí etí òkè wọn má ga ju ojú yín lọ. Ẹ má fi èyíkéyìí kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé.

## Bí kò bá ṣiṣẹ́

"No Signal" ló ń kọ. Ẹ yẹ Input wò. Ẹ yẹ ihò òkè àti ìsàlẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ okùn mọ́nítọ̀ tó ń ṣiṣẹ́, kí ẹ fi so èyí tí kò ṣiṣẹ́, nínú ihò kan náà. Bí ó bá mú àwòrán wá, mọ́nítọ̀ yín dára, ẹ wá ẹ̀bi sí okùn tàbí ihò kejì. Ìgbésẹ̀ kékeré yìí ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ ìjà pẹ̀lú ẹni tó ta ọjà fún wọn.

Windows kò rí i. Nínú Display settings, ẹ wá "Detect" lábẹ́ "Multiple displays". Ẹ tún gbìyànjú Windows, Ctrl, Shift àti B pa pọ̀. Ojú á ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kó sì padà. Lẹ́yìn náà, ẹ wo "Display adapters" nínú Device Manager. Bí "Microsoft Basic Display Adapter" lẹ bá níbẹ̀, driver àwòrán yín kò sí. Ẹ gbà á látọ̀dọ̀ Intel, AMD tàbí NVIDIA fúnra wọn, tàbí ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà náà.

Ohùn ti sọnù. HDMI àti DisplayPort ń gbé ohùn, Windows sì lè ti darí rẹ̀ sí mọ́nítọ̀ tí kò ní sípíkà. Ẹ tẹ àmì sípíkà ní ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, kí ẹ yan sípíkà yín padà.

Lẹ́tà rí bàìbàì. Ẹ padà sí "Recommended". Bí ó bá jẹ́ VGA, ẹ wá "Auto Adjust" nínú bọ́tìnnì mọ́nítọ̀.

Tẹlifíṣọ̀n lẹ lò, etí àwòrán sì gé. Inú tẹlifíṣọ̀n ni àtúnṣe wà. Ẹ wá "Just Scan", "Screen Fit" tàbí ipò PC nínú ètò àwòrán rẹ̀.

Ẹ yọ mọ́nítọ̀ kejì, ohun tí ẹ ṣí sì pòórá. Ẹ fi Alt àti Tab yàn án, kí ẹ tẹ Windows, Shift àti ọfà títí yóò fi padà wá.

Bí ẹ bá gbìyànjú gbogbo èyí tí kò sì yanjú, tí ẹ fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ gbé àpótí, mọ́nítọ̀ àti okùn gan-an tí ẹ lò lọ pa pọ̀. Mọ́nítọ̀ tí ẹ bá gbé lọ nìkan, okùn tirẹ̀ ni yóò fi dán an wò, yóò tàn gan-an lójú yín, ẹ ó sì tún gbé e padà wálé wá bá ìṣòro kan náà.